Àjèjì kan láàrin átọ́mù tútù: àkọsílẹ̀ áyọ́ọ̀nù tó ń jáde nílé tó sì ń padà

Wọ́n ka àwọn átọ́mù tó ṣẹ́ kù, iye tí wọ́n rí kò bára mu. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nínú yàrá ìwádìí kan ní Ulm, ìlú létí odò Danube ní gúúsù Jámánì. Ulm náà ni wọ́n bí Einstein sí ní 1879. Kò sí láyé nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ yìí o, ṣùgbọ́n òun ló gba ìṣirò Bose ará Íńdíà ní 1924, tó fi sọ tẹ́lẹ̀ pé bí gáàsì bá tutù dé àyè kan, àwọn átọ́mù inú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hùwà bí ẹyọ kan ṣoṣo. Ó di 1995 kí wọ́n tó fojú rí i, ní Boulder ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi máa tó nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ìyẹn, mímú gáàsì tutù ti di iṣẹ́ ojoojúmọ́ ní ọ̀pọ̀ yàrá ìwádìí, ìbéèrè mìíràn sì ti gbòde: kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí a bá ju àjèjì kan sáàrin wọn?

Àwọn tó ṣe iṣẹ́ ti Ulm tẹ èsì wọn jáde ní 2012. N ò ní fi orúkọ wọn dí yín lọ́wọ́. Ohun tó wù mí ni bí wọ́n ṣe mú ohun tó jọ àléébù ẹ̀rọ, tí wọ́n tọpinpin rẹ̀, tó sì já sí kẹ́mísírì tí ẹnikẹ́ni kò pè wá síbẹ̀.

Ohun tó wà nílẹ̀

Gáàsì rùbídíọ́ọ̀mù-87 ni, ọ̀kẹ́ mélòó kan átọ́mù, tí ìmọ́lẹ̀ lésà tí ojú kò lè rí gbá mú sójú kan nínú òfìfo. Ooru rẹ̀ wà ní nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù kẹ́lífíìnì, ìyẹn ni pé ó fi bíńtín ju ìwọ̀n -273.15 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ibi tí òtútù kò lè kọjá. Gáàsì náà kò sì ki rárá. Nínú sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan, átọ́mù rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 10¹². Afẹ́fẹ́ tí à ń mí símú ki jù ú lọ ní ìlọ́po mílíọ̀nù lọ́nà ogún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkuukùu ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu.

Wọ́n wá já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan kúrò lára átọ́mù rùbídíọ́ọ̀mù kan, ó di áyọ́ọ̀nù, ó ní ṣáájì, wọ́n sì fi pákúté Paul dá a dúró sáàrin ìkuukùu náà. Wolfgang Paul ni wọ́n fi sọ ọ́, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1989. Kò sí bí pápá mànàmáná tó dúró sójú kan ṣe lè ti áyọ́ọ̀nù mọ́lé láti ìhà gbogbo. Bó bá dí i lọ́tùn-ún àti lósì, á rí ibòmíràn sá gbà. Pákúté Paul ń yí pápá náà síwá sẹ́yìn kí áyọ́ọ̀nù tó ráyè sá. Nínú ẹ̀rọ Ulm, yíyí yìí ju mílíọ̀nù mẹ́rin ìgbà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Pákúté méjì ló wà nígbà náà, ọ̀kan nínú èkejì, wọn kò sì lágbára bákan náà. Ti lésà tó di àwọn átọ́mù mú tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìkọlù díẹ̀ ti tó láti ta átọ́mù dà síta. Ti Paul tó di áyọ́ọ̀nù mú jìn gan-an. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ìyàtọ̀ yìí ló gbé gbogbo ìtàn náà dúró.

Àjèjì tí kò ní ṣáájì, bíi pọtáṣíọ́ọ̀mù láàrin rùbídíọ́ọ̀mù, kì í sábà da ilé rú. Ó ń fa àwọn tó sún mọ́ ọn tàbí kó máa tì wọ́n, gbogbo wọn á wá máa rìn pọ̀ bí ẹyọ kan tó wúwo ju àjèjì náà nìkan lọ. Landau, onímọ̀ físíìsì, ti ro irú rẹ̀ láti 1933 fún ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú kírísítà. Wọ́n rí i nínú gáàsì tútù ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ní 2009, wọ́n sì tún rí i nínú oríṣi gáàsì mìíràn ní Aarhus ní Denmark àti ní Boulder, ní 2016. Iṣẹ́ tó rẹwà ni, ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù kì í ṣe irú àlejò bẹ́ẹ̀. Ṣáájì ara rẹ̀ ń fa àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú átọ́mù tó wà nítòsí sí ẹ̀gbẹ́ kan, átọ́mù náà á ṣe bí ẹni pé òun náà ní orí àti ìdí, àwọn méjèèjì á sì máa fa ara wọn. Langevin, onímọ̀ físíìsì ará Faransé, ti ṣe ìṣirò èyí láti 1905. Nínú irú òtútù tí à ń sọ yìí, átọ́mù rùbídíọ́ọ̀mù méjì tí kò ní ṣáájì kì í ka ara wọn sí títí wọ́n á fi súnmọ́ra tó nǹkan bíi náńómítà 5. Áyọ́ọ̀nù ń na ọwọ́ mú átọ́mù láti ibi tó jìn tó igba náńómítà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìṣòro kan tún wà: áyọ́ọ̀nù rùbídíọ́ọ̀mù kì í tàn. Bàríọ́ọ̀mù tó ní ṣáájì máa ń tàn bí lésà tó yẹ bá bà á, kámẹ́rà á sì rí i bí ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan. Rùbídíọ́ọ̀mù tó ti pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ti dà bíi krypton nínú: gbogbo àyè ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ ti kún, ìmọ́lẹ̀ tó lè ru ú sókè sì kọjá agbára lésà tó sábà máa ń wà ní yàrá ìwádìí. Àǹfààní tó fi ń san ìyẹn padà ni pé kò yẹ kó bá ẹnikẹ́ni jà. Bó bá gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ átọ́mù tó kọlù, átọ́mù ìyẹn á di áyọ́ọ̀nù, òun á di átọ́mù, ohun tó wà tẹ́lẹ̀ náà ló tún kù, kò sì sí agbára tó jáde. Lórí ìwé, àjèjì yìí mọ́ ju gbogbo àjèjì lọ.

Ọ̀nà kan ló wá kù láti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀: kí wọ́n wo ohun tó ń ṣe fún àwọn yòókù. Áyọ́ọ̀nù tó wà nínú pákúté Paul kì í dúró jẹ́ẹ́. Pápá tó ń yí síwá sẹ́yìn ń mú un wárìrì, ìwárìrì náà sì ń pọ̀ sí i bí pápá mìíràn tí a kò fẹ́ bá tì í kúrò ní àárín gbùngbùn pákúté. Bó ṣe ń wárìrì ló ń kọlu átọ́mù, tó ń ta wọ́n jáde kúrò nínú pákúté lésà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ sí ìkuukùu náà, wọ́n á ya òjìji rẹ̀, wọ́n á ka iye tó kù. Àwòrán yìí ń ba ìkuukùu náà jẹ́, nítorí náà wọ́n á ṣe tuntun. Ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù kan náà ló wà nínú pákúté rẹ̀ láti ìkuukùu kan dé èkejì.

Iye tí kò bára mu

Ohun tí wọ́n ń retí rọrùn. Bí áyọ́ọ̀nù bá ń lu átọ́mù ní ìwọ̀n kan náà ní gbogbo ìgbà, iye tó kù á máa dín kù bí àkókò ṣe ń lọ, àwọn èsì á sì kó jọ sí ojú kan, pẹ̀lú ìyàtọ̀ kékeré tó máa ń wà láàrin ìkuukùu kan àti òmíràn.

Ohun tí wọ́n rí kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n to èsì jọ lórí àtẹ, òkìtì méjì ló yọ. Nínú apá kan, átọ́mù tó pọ̀ ti lọ. Nínú apá kejì, iye tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ìgbà tí kò sí áyọ́ọ̀nù rárá dọ́gba. Ẹ̀rọ kan náà, áyọ́ọ̀nù kan náà, ìṣètò kan náà.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí mọ ohun tí ọkàn máa kọ́kọ́ lọ sí. Lésà ti yẹ̀ lójú ọ̀nà. Pápá mànàmáná kan ti ṣí áyọ́ọ̀nù nípò. Tàbí áyọ́ọ̀nù ti jábọ́ kúrò nínú pákúté. Èyí tó kẹ́yìn yìí kò lè dúró, torí pé áyọ́ọ̀nù tó jábọ́ kì í padà wá, èyí sì ń padà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ máa ń fa iye sọ́tùn-ún tàbí sósì díẹ̀díẹ̀; wọn kì í pín in sí méjì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sọ irú èsì báyìí nù ni ìgbà tí wọ́n bá ń wá iye àárín. Ọkùnrin tó nílé l'Ékòó tó tún nílé n'Íbàdàn, bí ẹ bá ṣírò àárín ibi tó ń sùn, Ògèrè lẹ máa bá a, níbi tí kò sùn rí láyé rẹ̀. Iye àárín àwọn átọ́mù tó kù nínú iṣẹ́ yìí kì bá ti jẹ́ iye tí ìkuukùu kankan ní, ìlà tí wọ́n ì bá sì fà gba inú rẹ̀ ì bá dán, ì bá sì jẹ́ irọ́. Pé wọ́n fi òkìtì méjèèjì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, lójú tèmi, ìyẹn ni ìpinnu tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

Bí ẹ bá gbà pé òkìtì méjèèjì jẹ́ òótọ́, ohun tí wọ́n ń sọ kò ṣòro láti gbọ́. Áyọ́ọ̀nù wà nílé nígbà kan, kò sí nílé nígbà mìíràn. Nígbà tó wà nílé, ó ń lu átọ́mù. Nǹkan kan wá ta á jáde lójijì, lílù dáwọ́ dúró, iye átọ́mù dúró sí ibi tó dé. Kò jábọ́ kúrò nínú pákúté Paul, torí pákúté ìyẹn jìn ju agbára tó ta á lọ. Ó kàn gbòòrò ní ọ̀nà tó ń rìn ni: ìkuukùu náà kéré, ọ̀nà áyọ́ọ̀nù ti wá tóbi jù ú lọ fíìfíì, kìkì ìgbà tó bá sáré kọjá láàrin ni ó lè pàdé átọ́mù kan. Ìpàdé ṣókí wọ̀nyí ni wọ́n ń gba agbára lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí yóò fi tutù, tí yóò sì padà sí àárín, níbi tí gbogbo rẹ̀ á ti tún bẹ̀rẹ̀.

Ta ló ta á jáde?

Wọ́n ṣírò agbára tó ta áyọ́ọ̀nù síta, ó wọ ìdá mélòó kan nínú mẹ́wàá eV. Fún ẹni tí kò bá eV rìn, òṣùwọ̀n agbára ni: 0.1 eV tó ooru nǹkan bí 1,160 kẹ́lífíìnì. Ìkuukùu tó wà ní ìdá kan nínú mílíọ̀nù kẹ́lífíìnì kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀ níbì kankan. Ìwárìrì áyọ́ọ̀nù náà kò sún mọ́ ọn, torí ìdá díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún kẹ́lífíìnì ni tirẹ̀ nígbà tí pákúté bá wà létòlétò. Ibi kan ṣoṣo tí irú agbára yẹn lè ti wá ni ìsopọ̀ kẹ́mísírì. Àwọn átọ́mù kan ti so pọ̀ di mólékù, ohun tí wọ́n tú sílẹ̀ nígbà tí wọ́n so sì ti gbá áyọ́ọ̀nù síta.

Ṣùgbọ́n átọ́mù méjì tó pàdé kò lè so pọ̀ bẹ́ẹ̀ lásán. Wọ́n gbọ́dọ̀ rí ibi kó agbára tó ṣẹ́ kù sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á tún pínyà. Ó lè jẹ́ ìmọ́lẹ̀ ló gbé e lọ, èyí tó ṣọ̀wọ́n. Ó lè jẹ́ ẹni kẹta tó wà nítòsí ló gbà á. Nínú gáàsì tó fẹ́lẹ́ báyìí, ta ni ì bá ro ti ẹni kẹta? Ìdí tó fi yẹ ká dán an wò kí a tó sọ̀rọ̀ nìyẹn, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà kò gba ẹ̀rọ tuntun kankan: wọ́n yí bí ìkuukùu ṣe ki tó padà. Bó bá jẹ́ pé áyọ́ọ̀nù nílò átọ́mù kan, bí gáàsì bá ki ní ìlọ́po méjì, títa síta á yára ní ìlọ́po méjì. Bó bá nílò átọ́mù méjì lẹ́ẹ̀kan náà, á yára ní ìlọ́po mẹ́rin. Ìlọ́po mẹ́rin ni èsì náà tẹ̀lé. Áyọ́ọ̀nù kan, átọ́mù méjì, ìpàdé ẹni mẹ́ta.

Wọ́n wá rí i pé ìpàdé ẹni mẹ́ta yìí ń ṣẹlẹ̀ ní ìlọ́po bí 1,000 ju ti átọ́mù rùbídíọ́ọ̀mù mẹ́ta tí kò ní ṣáájì lọ. Ọwọ́ gígùn áyọ́ọ̀nù ló fà á. Ó ti di átọ́mù kan mú nígbà tí èkejì ṣì ń bọ̀ lókèèrè. Bí áyọ́ọ̀nù bá sì ń rìn jẹ́jẹ́, ọwọ́ náà á tún gùn sí i. Nígbà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi pápá mànàmáná díẹ̀ kún un kí áyọ́ọ̀nù lè máa wárìrì gan-an, ìpàdé ẹni mẹ́ta dín kù. Èyí lòdì sí ohun tí kẹ́mísírì ilé ìwé girama fi yé wa, níbi tí ooru ti ń mú ìdàpọ̀ yára. Níbí, òtútù ló ń mú un yára.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí pápá mànàmáná yẹn, torí àwọn tó ń ka èsì máa ń fò ó. Kò sí pákúté Paul tó mọ́. Átọ́mù tó lẹ̀ mọ́ irin, ṣáájì tí ìmọ́lẹ̀ tú sára gíláàsì, gbogbo wọn ń ṣe pápá tiwọn, pápá náà sì ń yí padà láti ọjọ́ dé ọjọ́. Áyọ́ọ̀nù tó ń tàn máa ń sọ fúnra rẹ̀ pé òun ti kúrò láàrin. Èyí tí kì í tàn kò lè sọ. Ẹgbẹ́ kan náà ní Ulm wá fi àìtàn rẹ̀ ṣe ọgbọ́n: wọ́n ń yí pápá tí wọ́n fi ń ṣàtúnṣe, wọ́n ń ka átọ́mù tó sọnù tàbí ooru tó wọ ìkuukùu, ibi tí ìpalára bá ti kéré jù ni àárín wà. Pẹ̀lú ọ̀nà yìí wọ́n dín pápá tí kò wúlò kù dé nǹkan bí 0.02 fólítì lórí mítà kan. Bí ẹ bá na bátìrì 1.5 fólítì kan gba mítà 75, pápá tó máa wà láàrin nìyẹn. Láìsí irú ìmọ́tótó bẹ́ẹ̀, ìwárìrì ì bá ti bo ohun gbogbo, òkìtì méjèèjì ì bá sì ti rú mọ́ra wọn.

Ìbéèrè tó kù ni kí ni àjèjì náà dà. Bí áyọ́ọ̀nù bá so mọ́ átọ́mù kan, mólékù tó ní ṣáájì ló yẹ kó wà nínú pákúté, ìyẹn ohun tó wúwo ní ìlọ́po méjì. Bí ohun kan ṣe wúwo tó ló ń pinnu iye ìgbà tó ń mì nínú pákúté Paul ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà bí ẹ bá gbọn pákúté náà ní iye ìmì tó bá rùbídíọ́ọ̀mù ẹyọ kan mu, rùbídíọ́ọ̀mù ẹyọ kan nìkan ni yóò fèsì, ìfèsì rẹ̀ á sì hàn lára átọ́mù tó sọnù. Ẹyọ kan ló ń fèsì. Lẹ́yìn gbogbo ìdàrúdàpọ̀ yẹn, áyọ́ọ̀nù rùbídíọ́ọ̀mù tí wọ́n fi síbẹ̀ náà ló ṣì wà níbẹ̀.

Wọ́n ka èyí sí pé áyọ́ọ̀nù ń ṣe amúṣẹ́yá: ó ń jẹ́ kí átọ́mù méjì so pọ̀ di mólékù, ó gba agbára tó tú sílẹ̀, ó fò síta, ó padà, ó tún bẹ̀rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò yí padà. Wọ́n ṣọ́ra nínú bí wọ́n ṣe kọ ọ́, wọ́n ní ó ṣeé ṣe, wọn kò ní ó dájú. Ìṣọ́ra náà tọ́, torí ọ̀nà kejì wà: áyọ́ọ̀nù lè kọ́kọ́ so mọ́ átọ́mù kan, kí átọ́mù mìíràn wá kọlu mólékù yẹn, kí átọ́mù méjì gbé ara wọn lọ, kí áyọ́ọ̀nù sì tún kù lóun nìkan. Ìparí ọ̀nà méjèèjì bára mu, ẹni tó bá sì ń wo ìparí nìkan kò lè yà wọ́n.

Ohun tí àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e yí padà

Ìṣirò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015, pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní 2016 lórí áyọ́ọ̀nù bàríọ́ọ̀mù láàrin rùbídíọ́ọ̀mù, mú ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú. Bàríọ́ọ̀mù ń tàn, nítorí náà ìgbà tó bá so pọ̀ mọ́ nǹkan kan, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á kú. Bí ìpàdé ẹni mẹ́ta ṣe ń pọ̀ sí i bí agbára ìkọlù ti ń dín kù bá òfin tí ìṣirò sọ mu: agbára náà gbé sókè sí -3/4. Bí agbára ìkọlù bá di ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìpàdé ẹni mẹ́ta á di nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún ààbọ̀. Kí ìṣirò àti ìdánwò tó lè gba ara wọn gbọ́, wọ́n ní láti gbà pé agbára áyọ́ọ̀nù kì í pín bí ti gáàsì ojoojúmọ́, pé ó kéré tán ìwárìrì oríṣi méjì ló ń pinnu rẹ̀.

Ìṣirò náà sọ ohun kejì tó ká mi lára jù. Nínú irú òtútù yìí, ohun tó ń kọ́kọ́ jáde nínú ìpàdé ẹni mẹ́ta ni mólékù tó ní ṣáájì, tí ìsopọ̀ rẹ̀ kò lágbára, ìsopọ̀ tí agbára rẹ̀ kò ju ti ìkọlù tó bí i lọ púpọ̀. Irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè tú ìdá kan nínú mẹ́wàá eV sílẹ̀. Níbo wá ni ìgbá ńlá tó ta áyọ́ọ̀nù rùbídíọ́ọ̀mù síta ti wá?

Iṣẹ́ kan lórí mólékù bàríọ́ọ̀mù àti rùbídíọ́ọ̀mù, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2021, tẹ̀ lé mólékù kan ṣoṣo láti ìbí dé ikú. Ayé rẹ̀ kò rọrùn. Átọ́mù ń kọlù ú, ìkọlù kọ̀ọ̀kan sì lè mú kí ìsopọ̀ rẹ̀ lágbára sí i, lè yí i padà, tàbí kó fà á ya. Ìmọ́lẹ̀ sì tún wà níbẹ̀. Lésà tó ń gbá ìkuukùu mú, tó ní ìgùn ìgbì 1,064 náńómítà, gbé agbára tó ju 1.1 eV lọ nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Fún átọ́mù rùbídíọ́ọ̀mù ẹyọ kan, kò já mọ́ nǹkan. Ọwọ́ tó ń gbé e ró ni. Fún mólékù, ó lè jẹ́ àdá.

Lójú tèmi, ibẹ̀ ló yẹ ká gbà padà sí èsì 2012. Òkìtì méjì dúró. Ìpàdé ẹni mẹ́ta dúró, ìlọ́po mẹ́rin náà dúró. Ohun tó yẹ ká fi sílẹ̀ ní ṣíṣí ni iye ìgbésẹ̀ tó wà láàrin ìpàdé náà àti ìgbà tí áyọ́ọ̀nù fò síta. Ó lè jẹ́ ẹyọ kan. Ó sì lè jẹ́ pé mólékù kan bí, ó dàgbà, ó bá átọ́mù mìíràn jà, kí gbogbo ìyẹn tó hàn sí wa bí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí áyọ́ọ̀nù kò sí nílé.

Fún ẹni tó fẹ́ dáwọ́ lé e

Ìdánwò tí ìkuukùu kan ń kú nínú rẹ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan ń fúnni ní nọ́ńbà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Kó gbogbo wọn pamọ́, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, torí pé àjèjì kan náà ló ń ti inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Áyọ́ọ̀nù tó jáde nílé ní ìparí ìkuukùu kan lè máà tíì padà nígbà tí èyí tó kàn bá bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì ka ìgbà kọ̀ọ̀kan sí ohun tó dá dúró á gba ẹ̀rí tí kì í ṣe ẹ̀rí.

Àwọn kan rò pé áyọ́ọ̀nù náà máa tutù tó ìkuukùu. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú pákúté Paul. Ìkọlù kọ̀ọ̀kan lè gba ìwárìrì kó sì sọ ọ́ di ooru, èyí sì ń burú sí i bí átọ́mù bá ṣe wúwo tó ní ẹ̀gbẹ́ áyọ́ọ̀nù. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ kan ní Amsterdam fi yan áyọ́ọ̀nù yttẹ́bíọ́ọ̀mù láàrin lítíọ́ọ̀mù-6, áyọ́ọ̀nù tó wúwo ní ìlọ́po bíi méjìdínlọ́gbọ̀n ju átọ́mù lọ, tí wọ́n sì mú un tutù dé ibi tí òfin kúáńtọ́ọ̀mù ti ń hàn nínú ìkọlù, ní 2020. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ti Freiburg ní Jámánì lo bàríọ́ọ̀mù láàrin lítíọ́ọ̀mù, wọ́n sì fi mágínẹ́ẹ̀tì yí bí àjèjì àti onílé ṣe ń fa ara wọn padà. Rùbídíọ́ọ̀mù láàrin rùbídíọ́ọ̀mù kò lè dé ibẹ̀ ní ìrọ̀rùn.

Ṣùgbọ́n bí ìkuukùu ṣe ki tó ni mo máa kọ́kọ́ yàn, kí n tó ra lésà kankan. Fún rùbídíọ́ọ̀mù nínú rùbídíọ́ọ̀mù, ìṣirò Langevin fúnni ní ìkọlù bíi 2,400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tí átọ́mù bá jẹ́ 10¹² nínú sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan. Pẹ̀lú ìwọ̀n tí wọ́n rí ní Ulm, nǹkan bí 3 × 10⁻²⁵ ní ẹyọ òṣùwọ̀n tí wọ́n máa ń lò, ìpàdé ẹni mẹ́ta á máa wáyé lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Áyọ́ọ̀nù ní àyè ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìkọlù láti tutù kí wàhálà tó dé. Ẹ gbé e lọ sí 10¹⁴, bí ti gáàsì tó ti para pọ̀ di ọ̀kan: ìkọlù á di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, ìpàdé ẹni mẹ́ta á di ìlọ́po ẹgbàárùn-ún, kò sì ní ju ọgọ́rùn-ún ìkọlù lọ tí áyọ́ọ̀nù á fi rí kí wọ́n tó tún gbá a síta. Ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ sí 10¹¹. Ìkọlù á ṣì ju igba lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìpàdé ẹni mẹ́ta á sì di ẹ̀ẹ̀kan ní nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, àkókò tó pọ̀ tó láti ṣe ìdánwò tí ẹ fẹ́ ṣe gan-an, kí ẹ sì ti pa lésà àwọn átọ́mù kí mólékù kan tó bí.